Àgò Lẹ́nu Ilẹ̀kùn Basement

Dádì,

Ìrẹsì yín wà nínú fridge. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e kaná kí ẹ tó jẹ ẹ́.

Èmi ni mo kọrin lẹ́nu ilẹ̀kùn yàrá abẹ́ ilé yìí láàárọ̀. Mọ́mì ní, "Látífàt, ta ló ń kọrin fún pákó?" Níbi tí mo ti ń kọ́ hula, ijó àwọn ará Hawaii, ní community school, a kì í ṣàdédé wọlé. A ó fi orin tọrọ àyè níta títí olùkọ́ wa yóò fi kọrin dá wa lóhùn. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ẹ̀yin ni mo rántí: bí ẹ ti máa ń pariwo "Àgò yà!" kí n tó kan ilẹ̀kùn tán.

Ilé iṣẹ́ epo ṣe yín níkà, inú sì ń bí mi sí wọn. Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni mo lé yín lẹ́nu iṣẹ́ tí ẹ fi ń tilẹ̀kùn mọ́ mi.

Lónìí, èmi ni n ó kọ́ àwọn ọmọdé tó ń kọ́ hula ní orin náà. Bí mo bá dé, n ó tún un kọ níbí. N kò ní fọwọ́ kan ilẹ̀kùn. Àtẹ̀gùn yìí tutù, ṣùgbọ́n n ó jókòó sí i títí ẹ ó fi dáhùn.

Látífàt