Ẹ̀wù Ọkùnrin Tó Wà Nínú Àpótí Ìyá Àgbà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orúkọ bò mí láṣìírí.

Aránṣọ ni ìyá tó bí màmá mi, ọ̀dọ̀ wọn ni mo sì ti ń kọ́ṣẹ́. Aṣọ obìnrin nìkan ni wọ́n ń rán, àmọ́ ẹ̀wù ọkùnrin kan wà nínú àpótí wọn. Lọ́dọọdún, wọ́n á tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n á fẹ̀ ẹ́ díẹ̀ sí i. Mo bi wọ́n pé ta ló ni ín.

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹni tí wọn ò jẹ́ kí n fẹ́ ni. Ikùn ọkùnrin kì í dúró sójú kan, ọmọ mi."

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá àgbà ò sí ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí bàbá arúgbó kan wá béèrè wọn, tí wọ́n sì kọ nọ́ńbà fóònù wọn sínú ìwé kan fún mi. Mo wo ikùn bàbá náà dáadáa. Ẹ̀wù yẹn á bá wọn mu rẹ́gí.

Màmá mi gba ìwé náà lọ́wọ́ mi, wọ́n fà á ya. "Ìyá àgbà rẹ yìí kan náà ni wọ́n lé ẹni tí èmi fẹ́ fẹ́ dànù. Má sọ fún wọn o!"

Wọn ò mọ̀ pé mo ti há nọ́ńbà náà sórí. Bàbá tó bí màmá mi ti kú, ìyá àgbà ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ọjọ́ sì ń lọ. Ṣùgbọ́n ọgbẹ́ màmá mi ò tíì jinná.

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń gbọ́, nínú àwọn ìyá mi méjèèjì, ta ni kí n ṣẹ̀?