Awò Tí Pẹ́ńsù Kò Fọ́

Yàrá Kẹta, Òkè Ilé Ìtẹ̀wé,
Òpópónà Ilé-Ẹjọ́ Àtijọ́.
Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹfà.

Adájọ́, ọ̀rẹ́ mi láti ilé ìwé,

Èmi Akọ̀wé ni mo fọwọ́ sí ìwé yìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ tèmi nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ajórin, Ìyá Ìbejì àti Tíṣà oníṣirò jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Ọ̀rọ̀ àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni.

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ìyàwó rẹ ńkọ́? Ọmọ tuntun ńkọ́, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ fojú ba oorun? Ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá, mo gbà á ládùúrà pé kí ó ti fúyẹ́. Tọkàntọkàn ni mo fi béèrè, nítorí inú tó ń bí mi sí ọ kò kan àwọn ará ilé rẹ.

Ọdún mẹ́jọ ni a kò fi fojú kan ara wa. Nígbà tí mo wọ yàrá sáyẹ́ǹsì wa fún ìpàdé ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tí mo rí Ajórin tó ti ki bí àpò sìmẹ́ǹtì, tí Ìyá Ìbejì sì ń pè mí ní "Baba Oníwèé" níṣojú gbogbo èèyàn, omi bọ́ lójú mi. Bẹ́ǹṣì tí kálukú ń jókòó sí látijọ́ ni ó tún lọ jókòó sí. Ìgbà náà ni Pẹ́ńsù wọlé, tòun ti pẹ́ńsù létí bíi ti tẹ́lẹ̀, téèpù aránṣọ lọ́rùn, nítorí láti ṣọ́ọ̀bù ló ti ń bọ̀. O dìde, o ní: "Ẹ tètè gbé gbogbo ohun tó lè fọ́ pamọ́ o, Pẹ́ńsù ti dé."

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ń wò ó. Eyín nìkan ló rẹ́rìn-ín.

Ẹni tó ṣu ló máa ń gbàgbé, Adájọ́. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Jẹ́ kí n rán ọ létí. Ọjọ́rú ni ọjọ́ tí Pẹ́ńsù ń gba kọ́kọ́rọ́ yàrá náà, tí ó ń gbá a. Ó fẹ́ sin ìyá rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn, ó sì bá ọ pààrọ̀ ọjọ́. Ìwọ lo mú kọ́kọ́rọ́. Ọwọ́ rẹ ni awò tí a fi ń wo ohun tí ojú lásán kò rí ti já bọ́. Pẹ́ńsù sọ bẹ́ẹ̀, o sẹ́, orúkọ tó wà nínú ìwé kíláàsì ni ọ̀gá ilé ìwé sì tẹ̀lé. Wọ́n ní Pẹ́ńsù fọ́ nǹkan, ó tún purọ́ mọ́ ẹlòmíràn. Ìdánwò àṣekágbá ku oṣù mẹ́ta nígbà tí wọ́n lé e lọ.

N kò yọ ara mi sílẹ̀. Èmi ni akọ̀wé kíláàsì, mo sì ti fi pẹ́ńsù kọ orúkọ rẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ pé ẹ pààrọ̀. O bẹ̀ mí, o ní bàbá rẹ á lù ọ́ pa, mo bá fi rọ́bà pa á rẹ́. Àwọn mẹ́ta tó kù náà mọ̀. Ojo ni wá, a sì ń pè é ní ọ̀rẹ́ ṣíṣe.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ Àbámẹ́ta náà, Pẹ́ńsù sọ fún mi pé ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni òun ti kàwé títí òun fi yege nínú ìdánwò náà, tí ilé ìwé nọ́ọ̀sì sì gba òun. Ìwé ẹ̀rí ìwà rere láti ilé ìwé wa ló kù. Ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣí àkọsílẹ̀ àtijọ́ tí wọ́n ní kó máa lọ. Ọgbọ̀njọ́ oṣù yìí ni àyè rẹ̀ yóò bọ́. Ó ní, "Akọ̀wé, mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ìwé kan péré ni mò ń wá."

Mo pè ọ́ lọ́jọ́ kejì, o sì ní ọ̀rọ̀ ọmọdé ti kọjá, pé ṣebí aránṣọ ni, ṣé iṣẹ́ kọ́ nìyẹn ni? Ajórin ní bí iṣẹ́ ọwọ́ bá dùn mọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀, kí o wá gba irin lọ́wọ́ òun, kí òun wá jókòó sórí àga ọ́fíìsì rẹ tó ń yí. Kò rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ ọ́.

Ohun tí a ń béèrè nìyí. Lọ bá ọ̀gá ilé ìwé, kí o fi ẹnu ara rẹ sọ ẹni tó fọ́ awò náà, kí o má sì kúrò níbẹ̀ títí wọn yóò fi tún àkọsílẹ̀ náà ṣe. Kí o sì dá lọ sí ṣọ́ọ̀bù Pẹ́ńsù, kí o jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn oníbàárà rẹ̀, kí o sọ ọ́ fún un. Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìdínlógún, kí agogo méjì ọ̀sán tó lù, ni a dá fún ọ.

Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, àwa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yóò lọ láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì, èmi ni n ó sì kọ́kọ́ jẹ́wọ́ tèmi. Ìwé kíláàsì náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Rọ́bà kó dúdú pẹ́ńsù lọ, kò kó ojú ibi tó tẹ̀ lọ: bí mo bá gbé e síwájú fèrèsé, orúkọ rẹ hàn níbẹ̀ kedere.

Bá mi kí Màmá àti ìyàwó rẹ, kí o sì bá mi gbé ọmọ mọ́ra.

Èmi ṣì ni ọ̀rẹ́ rẹ, títí di Ọjọ́bọ̀,
Akọ̀wé.