Páànù Tó Ti Lu Ni Mo Fi Ránṣẹ́

Àbíkẹ́yìn mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Iṣẹ́ ńkọ́? Ẹni tó bá ní o ò ní yọrí, ojú rẹ̀ ni wàá ṣe yọrí. Ara ìyá rẹ le, ẹnu rẹ̀ náà sì le, òun ló ń dà mí láàmú lórí ọ̀rọ̀ òrùlé.

O kọ̀wé pé síńkì àti omi lẹ fi ń ṣe bátìrì, pé kì í gbiná bíi tàwọn yòókù. O ní ibi tó yẹ kí síńkì náà máa wọ̀ sí ló fún jù, lẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ dá àbùkù sí i, ẹ yọ díẹ̀díẹ̀ kúrò lára rẹ̀, kí síńkì lè ráàyè wọlé, kó ráàyè jáde, kí bátìrì lè pẹ́. Ó yé mi yékéyéké. Ṣebí síńkì náà ni páànù? Kí lẹ wá ń dá ara yín lágara sí? Páànù orí ilé wa, ìpẹtà ti jẹ ẹ́, ó ti lu bí ajere. Káfíńtà gbé àkàbà dé láti pààrọ̀ rẹ̀, mo ní ẹni tó bá fọwọ́ kan páànù ọmọ mi, èmi àti ẹ̀ ni. Ìyá rẹ ní òjò ń pa òun lórí bẹ́ẹ̀dì, mo ní kó gbé báàfù sí i, ẹ máa lo omi náà fún bátìrì yín. Mo ti di páànù mẹ́ta sínú àpò, ó ń bọ̀ lọ́nà.

Èyí tó wá bí mi nínú ni pé, lọ́jọ́ tí àwọn tó ń náwó sí iṣẹ́ náà bá wá wò ó, ọ̀gá yín ní ẹlòmíì ni kó sọ̀rọ̀, torí pé o máa ń kólòlò. O sì ní kò burú. Kò burú bíi ti báwo? Ta ló jókòó ti bátìrì náà títí tó fi ṣiṣẹ́? Àbùkù inú bátìrì, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún un, tìẹ ni wọ́n fẹ́ fi pamọ́. Sọ fún ọ̀gá yín pé bàbá rẹ ní òun ò gbà.

Gbogbo ẹgbẹ́ rẹ ló ti ń pe bàbá wọn nígbà tí ìwọ ṣì há sórí “bà”. Àwọn ará ilé ní kí n bá ọ parí ẹ̀. Mo kọ̀. Mo gbé bàtà tí mò ń rán sílẹ̀, mo lóṣòó síwájú rẹ, mo dúró títí o fi pè mí tán. Títí dòní, ẹnìkan ò tíì pè mí kó dùn tó bẹ́ẹ̀. Ṣebí wọ́n ní bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Fi owó ránṣẹ́ kí n ra páànù tuntun fún ìyá rẹ, kó tó lé mi jáde. Fi owó ọkọ̀ kún un, torí mò ń bọ̀ wá jókòó sí àga iwájú lọ́jọ́ náà, kò sì sẹ́ni tó máa dìde títí wàá fi parí.

Ọ̀rọ̀ ò ní há mọ́ ọ lẹ́nu. Bó bá sì há, wọ́n á dúró dè é.

Èmi ni,
bàbá rẹ.