Ẹ̀rọ Omi Màmá Elena

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nílé wa ní Norcross.

Ọkàn mi ò tíì balẹ̀.

Ní Romania lóṣù tó kọjá, Màmá Elena tí mo dé sílé wọn máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìjọba, wọ́n á kọ́kọ́ ṣí ẹ̀rọ omi ní kíṣìnì, kí ariwo rẹ̀ má jẹ́ kí ará ìta gbọ́. Mo ní, “Màmá, ìjọba Kọ́múníìsì ti lọ tipẹ́ o.”

“Ìjọba ló lọ. Aládùúgbò tó ń fẹjọ́ wa sùn ṣì ń gbé lókè. Àná ló bá mi gbé ẹrù gun àtẹ̀gùn.”

Mo tún gbàgbé láti ra mílíìkì.

Aunty Bísí pè láti Union City lónìí, ẹkún ni wọ́n ń sun. Àwọn immigration ti mú ọkọ wọn lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́. Ẹnì kan ló lọ tú àṣírí pé wọn ò ní ìwé ìgbélùú.

Bí a ṣe ń jẹun, ọkọ mi bi mí pé, “Ta lo rò pé ó ṣe é?”

Orúkọ kan ti dé ẹnu mi. Lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, olórúkọ náà ló bá mi gbé kúlà oúnjẹ wọnú mọ́tò.

Mo dìde, mo ṣí ẹ̀rọ omi.

Ọkọ mi ò bi mí pé kí ni mo fẹ́ fọ̀. Ó gbé àga rẹ̀, ó sún mọ́ mi.