Kùkùté Àbẹ́là Inú Agolo Yín

Màámi ọ̀wọ́n,

Títí, ọmọ-ọmọ mi àgbà, ti bí ọkùnrin làǹtìlanti. Gbóyèga àbúrò rẹ̀ ti gbéyàwó. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni ìyàwó náà, ó mọ èèyàn kí. Bísí tó kéré jù kò tíì lọ́kọ, ṣùgbọ́n ó ti níṣẹ́ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe máa ń ní kí akọ̀wé bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà tí ẹ bá ń fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n yín ní Kùmásí: ẹni tí wọ́n bí, ẹni tó gbéyàwó, kó tó kan wàhálà. Èmi kò wá akọ̀wé. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń lọ síléèwé àwọn àgbà ní Bẹẹrẹ. Ọwọ́ mi lẹ ń wò yìí.

Ó ti wá kan wàhálà.

Àbẹ́là ọ̀ṣọ́ ni Bísí ń ṣe. Inú ilé ìdáná yín n'Ísàlẹ̀ Òsì níbí ló ti ń yọ́ ìda nínú agolo tó gbé sínú omi gbígbóná, á po àwọ̀ àti òróró olóòórùn dídùn mọ́ ọn, á dà á sínú ike tó rí bí òdòdó. Èmi ni mo ń bá a na òwú rẹ̀ kó má baà wọ́. Mo fi ń yangàn káàkiri agboolé.

Lọ́jọ́ Ẹtì, ó ku òdòdó pupa kan ṣoṣo, ìda kò tó, oníbàárà sì ti wà lọ́nà. Mo sáré wọ yàrá, mo gbé agolo tí ẹ ń kó kùkùté àbẹ́là àdúrà yín sí, mo dà á mọ́ ọn. Bísí kò mọ ohun tó jẹ́. Èmi mọ̀. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi àgbà yìí gan-an ni mo fọwọ́ ara mi ṣe é.

Ìgbà tí oníbàárà, ìyá aláṣọ kan ní Gbági, gbé e lọ tán ni àyà mi já. Kùkùté tó kẹ́yìn wà níbẹ̀, ti àdúrà ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí ẹ bẹ̀rẹ̀ nítorí Àkànní àbúrò mi, tó lọ sókè òkun tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ẹ gbà á lọ́jọ́ kìíní, ẹ gbà á lọ́jọ́ kejì. Ilẹ̀ ọjọ́ kẹta mọ́, ẹ kò jí. Ẹ kì í ju àbẹ́là tí àdúrà rẹ̀ kò tíì parí nù. Ẹ kì í fẹnu fẹ́ ẹ pa. Ẹ ó fi itọ́ pa ìka, ẹ ó fún iná rẹ̀ pẹ́ẹ́. Èmi náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ di òní.

N kò lè jókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti dìde kí n tó dé ìlà yìí. Lánàá mo wọ mọ́tò lọ sí Gbági. Iná ti lọ ní ṣọ́ọ̀bù, ìyá aláṣọ ti tan òdòdó náà kó lè rí léèsì wọ̀n. Ìdí rẹ̀ ló kù, kò tó ìdajì àtẹ́lẹwọ́ mi. Kò gba ẹgbẹ̀rún méjì náírà tó fi rà á padà. Ó kàn ń fi mí rẹ́rìn-ín pé mo gun mọ́tò tìtorí ìdí àbẹ́là, ó wé e sínú ọ̀rá fún mi.

Ó wà níwájú mi, ó pupa, ó ń ta sánsán bí ọṣẹ ìyàwó. Ṣé èyí tó jó nídìí léèsì ni ti Àkànní, àbí èyí tó kù? Ṣé Ọlọ́run á dá a mọ̀? Kò sí bí a ṣe lè se ebòlò kó má rùn ìgbẹ́. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni àdúrà ṣe ń rí nínú ìda? Kí ló dé tí èmi fúnra mi kò parí ọjọ́ kẹta, tí ọdún fi ń gorí ọdún? Ẹ̀rù ìwé ni, Màámi. Ẹ̀yin mọ Sáàmù yín lórí. Èmi ò mọ̀ ọ́n, n kò sì lè kà á.

Mo lè kà á báyìí. Ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ òní, wákàtí àdúrà yín, n ó tan ìdí àbẹ́là yìí fún ọjọ́ kẹta tó kù, n ó máa fìka tọ ọ̀rọ̀ Sáàmù lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò ní fọwọ́ pa á. Yóò jó tán.

Owó tí ìyá aláṣọ kọ̀ kò lè gbé nínú ilé mi. Mo ń fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú lẹ́tà yìí sí ìjọ yín, kí wọ́n fi ra àbẹ́là funfun lórúkọ yín.

Èmi ni,
ọmọ yín tó ń wo aago.

Ẹgbẹ̀rún méjì náírà ló wà nínú àpòòwé.