Fáìlì Ọkọ̀ Yín Ti Ṣí

Bàámi, ẹ kú ewu ọ̀nà.

Mo ti yí fáìlì ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ ìrìn ọkọ̀ yín sí èyí tí kọ̀ǹpútà mi lè ṣí. Ẹ fi han ọ̀gá yín: eré àsápajúdé tó ní ẹ sá kò sí níbẹ̀. Kò lè lé yín lẹ́nu iṣẹ́ mọ́.

Àmọ́ ó fi hàn pé ẹ dúró ní géètì ilé-ìwé wa ní Yábàá fún ogójì ìṣẹ́jú, ẹ ò pè mí. Ṣé torí mo sọ fún yín nígbà kan pé àwọn ọ̀rẹ́ mi kì í jẹ́ kí n ráyè ni? Ọwọ́ mi dilẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ẹ bá mi kí Màámi. Tí ẹ bá tún dé, ẹ tẹ fèrè ọkọ̀, màá gbọ́.

Ọmọ yín,
Moyọ̀sọ́lá