Oògùn Ojú Tí O Fi Ránṣẹ́ Láti Ajamé

Abà Olútóyè, Ògbómọ̀ṣọ́,
Oṣù kẹsàn-án, 2008.

Jẹ̀mílà, Àyọ̀ká ọmọ mi,

Asàlámù àlékúmù. Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí gbogbo ará ilé wa tó ń tajà ní Ajamé. Omi ọ̀sà tó yí Abijan ká kò ní bá yín wọlé o. Bàbá rẹ ń kí ọ. Òjò gbé páànù ilé ìdáná wa lọ sí ẹ̀yìnkùlé Bàbá Sìrájù, ó ní ohun tí Ọlọ́run bá jù sí àgbàlá òun, òun kì í dá a padà, ẹjọ́ rẹ̀ la ṣì ń rò.

Sàlàkọ́ ti gbé ẹrù rẹ dé, fọ́tò rẹ àti oògùn ojú tí mo tọrọ. O kúuṣẹ́. Ṣebí mo sọ fún ọ lórí fóònù pé bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú mi ò ríran mọ́, pé mo kúnlẹ̀ kí òbúkọ kan ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ó sì dá mi lóhùn, àti pé nọ́ọ̀sì ní fítámì A ló dín lára mi. Sàlàkọ́ ka ara rọ́bà oògùn náà. Ó ní rẹ́tínọ́ọ̀lù ni wọ́n kọ síbẹ̀, pé fítámì A náà ni, pé ti ojú ni. Ó ní wọ́n tún kọ ọ́ ní Faransé pé alẹ́ ni kí á máa lò ó, kí oòrùn má rí i. Omi bọ́ lójú mi. Ọmọ tó gbọ́ràn! Alẹ́ gan-an ni mi ò ríran.

Àmọ́ Látífà, ìyàwó kékeré bàbá rẹ, ní ọmọ òun tó wà ní Ìbàdàn ti dé fítámì E. Ọdún wo lo ti wà ní Abijan tí o ò tíì kúrò ní A? Mi ò bú ọ o, mo kàn ń béèrè ni.

Ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́ ni mò ń fi í kun ojú, láti ìpénpéjú dé àgbọ̀n, n óò wá jókòó síta, n óò tẹjú mọ́ òkùnkùn bóyá yóò là. Òkùnkùn ò là, ojú ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí, ó pọ́n bí ata, ó wá ń bó bí èèpo àlùbọ́sà. Látífà rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ó ní ìyáálé òun ń bóra, ó fẹ́ tún ìyàwó ṣe. Bàbá rẹ ti lọ ra lọ́fínńdà.

Èyí tó já mi láyà jù ni ti fọ́tò. Ọ̀sán gangan ni mo gbé e sí oòrùn, mo wò ó, wò ó, mi ò rí ọmọ mi níbẹ̀. Obìnrin pupa kan ni mo rí, tí oríkèé ìka rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò. Mo ní mo gbé, ojú tọ̀sán náà ti lọ! Mo sáré tọ Nọ́ọ̀sì Dèbórà lọ. Ó na ìka sí mi, mo kà á. Ó fún mi ní abẹ́rẹ́ àti òwú, mo fi òwú bọ̀ ọ́ wẹ́rẹ́. Ó gba fọ́tò náà, ó wò ó títí, ó ní Ìyá Jẹ̀mílà, lọ́sàn-án, ojú tiyín kọ́ ni nǹkan ń ṣe.

Ó ní fítámì A ni ìpara rẹ lóòótọ́, àmọ́ awọ ojú ló wà fún, pé ẹyinjú ń fẹ́ èyí tí a bá jẹ: ẹ̀dọ̀, ẹyin, ẹ̀fọ́, epo pupa. Ó ní kí n má dáná sí epo náà títí yóò fi funfun o, pé epo tó bá ti funfun, ohun tó wúlò ti jáde lára rẹ̀. Mo ní mo gbọ́. Mo tún wo fọ́tò rẹ.

Nítorí náà, fi owó ẹ̀dọ̀ ránṣẹ́ sí mi, má fi ìpara kún un. Bí o bá ń bọ̀ wá ṣọdún Iléyá, ọ̀sán ni kí o wọlé, kí o sì dárúkọ ara rẹ lẹ́nu ọ̀nà.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ojú tì ọ́. Yóò là mí lójú alẹ́, yóò sì bá mi wá ojú tí mo bí mọ́ ọ rí, kí n tó kú. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, tí ojú rẹ̀ ṣì ń bó lọ́wọ́.